Kí ló dé tí àwọn obìnrin tó ń fi owó ṣàánú fi ń pọ̀ sí i?

Owó ló ti ń wọ ọwọ́ wọn. Kì í ṣe pé obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ lójú àánú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1882 ni òfin tó fún abilékọ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní dúkìá tirẹ̀ jáde. Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ ló láṣẹ lórí ọ̀pọ̀ ohun tí ìyàwó bá ní. Lóde òní, àwọn obìnrin ń ṣiṣẹ́ owó gidi, wọ́n ń dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń jogún.

Wo MacKenzie Scott, obìnrin olówó kan ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2019 tó ti ṣèlérí pé òun yóò fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọrọ̀ òun tọrẹ, ohun tó ti fi sílẹ̀ ti ju bílíọ̀nù 15 dọ́là lọ. Ohun tó wù mí jù ni pé kì í sábà so àdéhùn mọ́ owó náà: àwọn ẹgbẹ́ tó gbà á ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Lọ́dún 2024, Ruth Gottesman, obìnrin olówó mìíràn, náà fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Albert Einstein ní New York ní bílíọ̀nù kan dọ́là, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má bàa san owó ilé ìwé mọ́.

Kì í ṣe olówó nìkan o. Ẹgbẹ́ 100 Women Who Care bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006: kálukú á mú 100 dọ́là wá, wọ́n á dìbò yan àjọ kan ní àdúgbò wọn, gbogbo owó náà á sì lọ síbẹ̀.