Níbo lo gbé ẹyin kantíkantí sí lẹ́yìn tí o pa lámpù UV?

Àbúrò mi, kú iṣẹ́ o. Ohun tí o béèrè yé mi dáadáa: ìwọ àti ẹnìkejì rẹ gbé ẹyin kantíkantí, ìyẹn Drosophila melanogaster, sábẹ́ lámpù UV, ìyẹn ìtànṣán tí ojú wa kò lè rí, kan náà fún iye ìṣẹ́jú kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú tìrẹ di ìdin, wọ́n sì dàgbà di eṣinṣin. Ti ẹnìkejì rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Súpáfáísọ̀ yín wá ní ó ṣeé ṣe kí lámpù ti bàjẹ́. Kí ẹ tó dá owó lámpù tuntun, sọ fún mi: níbo ni olúkúlùkù yín gbé ẹyin sí lẹ́yìn tí ẹ pa lámpù? Èrò mi ni pé tìrẹ wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tirẹ̀ sì wà nínú òkùnkùn.

Òṣogbo níbí ni èmi náà ti bá eṣinṣin yìí ṣiṣẹ́, ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àgbọ́sọ. Láàbù wa ní fèrèsé ńlá kan tó kọjú sí ìlà-oòrùn. Ìgò tí a bá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yìí ń yè ju èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ, bẹ́ẹ̀ abẹ́ lámpù kan náà ni gbogbo wọn ti wá. A fura sí oúnjẹ wọn, a fura sí ooru, a tún fura sí ẹni tó ń kà wọ́n. Ọjọ́ tí a fi fóìlì wé ìdajì àwọn ìgò ojú fèrèsé lọ̀rọ̀ tó yanjú. Orí tábìlì kan náà ni wọ́n wà, síbẹ̀ àwọn tinú fóìlì kú bíi ti inú kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn tí ìmọ́lẹ̀ ń kàn sì ń gun ara ìgò kiri.

Ó ti rú àwọn tó ṣáájú wa lójú rí. Albert Kelner ní Amẹ́ríkà rí irú rẹ̀ lára Streptomyces griseus, kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ti rí oògùn streptomycin. Ó ń fi UV lù wọ́n, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń kọ́fẹ padà; nígbà míì ọ̀pọ̀ a yè, nígbà míì díẹ̀. Ooru lòun náà kọ́kọ́ fura sí, kó tó rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sára ìgò ló ń fa ìyàtọ̀ náà. Ọdún 1949 ló tẹ̀ ẹ́ jáde.

Lámpù tí ẹ ń lò, irú èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn, ìtànṣán 254 nm ló ń tú jáde jù (nm, nánómítà, la fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀). Agbègbè 260 nm sì ni DNA, ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá, ti ń gba UV mọ́ra gan-an. T àti C wà lára lẹ́tà mẹ́rin tí a fi ń kọ DNA; níbi tí T méjì bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tàbí T àti C, ìtànṣán náà lè so wọ́n pọ̀. Oríṣi ìsopọ̀ méjì ló wọ́pọ̀: cyclobutane pyrimidine dimer, tí a ń pè ní CPD, àti 6-4 photoproduct. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ da DNA rẹ̀ kọ, ibẹ̀ ló ti máa kọsẹ̀.

Kantíkantí ní ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, tó ń jẹ́ photolyase. Ó máa ń di ibi tó sopọ̀ náà mú, á wá dúró de ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ búlúù tàbí UVA, irú UV tó sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí jù, láàárín bíi 350 sí 450 nm, bá ti kàn án, á fi agbára rẹ̀ tú ìsopọ̀ náà, T kọ̀ọ̀kan á padà sí bó ṣe wà. Kò gé nǹkan kan, kò sì fi nǹkan kan kún un. Eṣinṣin yìí ní oríṣi méjì, ọ̀kan fún CPD, ọ̀kan fún 6-4. Lára rẹ̀ gan-an ni Takeshi Todo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ti rí oríṣi kejì ní 1993. Wàyí o, gíláàsì fèrèsé ń dá ọ̀pọ̀ UVB oòrùn, tó lágbára ju UVA lọ, dúró, UVC oòrùn, irú ti lámpù yín, kò tilẹ̀ dé ilẹ̀ ayé rárá, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ búlúù ń kọjá geere. Ẹyin tó wà lójú fèrèsé ń rí àtúnṣe gbà láìsí ìpalára tuntun. Kò síbi tó burú tó o fún ẹni tó fẹ́ mọ iye tí UV pa.

Inú òkùnkùn náà kò ṣaláìní àtúnṣe. Nucleotide excision repair ń gé apá tó bàjẹ́ kúrò, á sì fi tuntun dí i. Mei-9 àti mus201 wà lára àwọn jíìnì tó ń ṣe iṣẹ́ gígé yẹn. Eṣinṣin tí mei-9 rẹ̀ bàjẹ́ kì í lè fara da UV. Àwa ènìyàn kò ní photolyase, gígé yìí la gbára lé. XPF, tó ń ṣe iṣẹ́ mei-9 lára wa, wà lára àwọn jíìnì tí ìbàjẹ́ wọn ń fa xeroderma pigmentosum, àìsàn tí oòrùn ti ń tètè fa jẹjẹrẹ awọ. Jọ̀ọ́, má da àìsàn yìí pọ̀ mọ́ àfín nínú orí kìíní iṣẹ́ rẹ. Mo ń rí i nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń dùn mí. Àfín kò ní àléébù nínú àtúnṣe DNA. Melanin tí ìbá dáàbò bo awọ wọn ni kò tó.

Tún iṣẹ́ náà ṣe, kí o pín ẹyin sí ọ̀nà mẹ́rin: UV pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀, UV pẹ̀lú òkùnkùn, àti ọ̀nà méjì náà láìsí UV. Tò wọ́n sójú kan náà, kí o fi fóìlì wé ti òkùnkùn, kí ooru má baà yàtọ̀. Láti ìgbà tí o bá ti pa lámpù títí o ó fi wé wọn, tọ́ọ̀ṣì tí o fi náílọ́ọ̀nù pupa bò ni kí o máa lò, nítorí photolyase kì í lo ìmọ́lẹ̀ pupa.

Ṣí ìdérí abọ́ rẹ. Rọ́bà abọ́ Petri àti gíláàsì kì í jẹ́ kí 254 nm kọjá. Orí ágà lásán, ohun bíi jẹ́lì tí kò ní yíìsì, ni kí o ti fi UV lu ẹyin, kí o tó kó wọn sínú oúnjẹ: UV ń pa yíìsì, yíìsì sì ni ìdin ń jẹ, o kò ní mọ̀ bóyá ìpalára ló dá ìdàgbà dúró tàbí ebi. Má fi ìdin dípò ẹyin, ńṣe ni wọ́n ń rì sínú oúnjẹ kúrò lójú ìtànṣán. Jẹ́ kí abo yé ẹyin fún wákàtí kan péré, kí ọjọ́ orí gbogbo wọn lè sún mọ́ra.

Ti iná ìlú yìí náà ń kọ́? Bí iná bá rẹlẹ̀, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ bá ń mí sókè mí sílẹ̀, agbára lámpù á yàtọ̀. Iye ìṣẹ́jú nìkan kò tó, yá mítà UV, kí o kọ iye agbára UV tó bà lé ẹyin sílẹ̀ ní J/m². Jẹ́ kí lámpù gbóná fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí o tó gbé ẹyin síbẹ̀. Ní 25°C, ẹyin á di eṣinṣin ní bí ọjọ́ mẹ́wàá. Oṣù kejì àti ìkẹta ní Òṣogbo, bí éésì bá ti kú, yàrá á kọjá 30°C, akọ tó bá dàgbà nínú irú ooru bẹ́ẹ̀ lè má lè bímọ. Kúlà tí a fi ike omi dídì sí la máa ń kó ìgò sí.

Dáàbò bo ojú rẹ àti ọwọ́ rẹ. Ojú tí UV bá lù kì í ta lójú ẹsẹ̀. Ó di òru kó tó máa dà bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, àwọn wẹ́dà mọ̀ ọ́n dáadáa.

Má wulẹ̀ ka iye tó di eṣinṣin kí o pa ìwé dé. Ka àwọn tó di púpà, ìyẹn ipò tó wà láàárín ìdin àti eṣinṣin, tí kò jáde, kí o sì wo ìyẹ́ àti ikùn àwọn tó jáde. Lẹ́yìn náà, yẹ ìbímọ wọn wò. Sẹ́ẹ̀lì tí yóò di àtọ̀ tàbí ẹyin máa ń yọ ní ìdí ẹyin kantíkantí kí wákàtí méjì tó pé, Rolf Geigy sì ti fi hàn ní 1931 pé bí UV bá lu ìdí yẹn, eṣinṣin lè jáde pẹ̀lú ara pípé kó má lè bímọ rárá. Kó akọ kọ̀ọ̀kan tó yè pọ̀ mọ́ abo tí UV kò kàn, abo náà mọ́ akọ bẹ́ẹ̀, kí o kọ iye tí kò bímọ sílẹ̀ fún ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.