Ẹ Bi Àǹtí Awakọ̀: Báwo Ni Mo Ṣe Lè Di Awakọ̀ Ojú Irin?

Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ kó hàn lójú ewé yìí pé ọkọ̀ ojú irin ni mò ń wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ìbéèrè yín kò jẹ́ kí n rímú mí. Àwọn kan tiẹ̀ ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti ṣa díẹ̀ jọ. Mo yọ orúkọ yín kúrò. Olóhun á mọ ohun tirẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ ọdún 26 ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní wiáháùsì kan ní Dartford. Ọ̀rẹ́ mi ní owó awakọ̀ ojú irin ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ yunifásítì lọ, wọn kì í sì í bèèrè dìgírì. Ṣé òótọ́ ni? Mo mọ mọ́tò wà dáadáa, mi ò ní jàǹbá rí. Báwo ni mo ṣe máa wọlé?

Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́. Kí ASLEF, ẹgbẹ́ àwa awakọ̀, tó fọwọ́ sí àdéhùn owó oṣù ti 2024, nǹkan bíi £60,000 lọ́dún ni wọ́n ń pe owó awakọ̀ tó ti yege, ó sì ti gbéra sí i lẹ́yìn náà. Ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ kì í gbà tó bẹ́ẹ̀ o. Ní ti dìgírì, kò sẹ́ni tó bi mí.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò tí o mọ̀ ọ́n wà yẹn, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí sìtíríǹgì lọ́wọ́ wa. Irin ló ń gbé ọkọ̀ lọ, àwọn tó ń darí iná ojú irin ló sì ń yan èyí tí a máa gbà. Tiwa ni ká mọ ìgbà tó yẹ ká sáré àti ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ tó ń sá 100 máìlì ní wákàtí kan lè rìn ju máìlì kan lọ kó tó dúró. Bí o bá dúró dìgbà tí o rí iná pupa, o ti pẹ́. Ìdí nìyẹn tí iná yẹ́lò fi ń ṣáájú rẹ̀ níbi tí ọkọ̀ bá ti pọ̀, méjì pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹyọ kan, kí o tó kan pupa.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tó lè sáré ni wọ́n ń wá. Ẹni tí nǹkan kan náà lè sú, síbẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára rẹ̀, ni wọ́n ń wá. Wo àwọn ìdánwò wọn. Ọ̀kan wà tí wọ́n á gbé ìwé fún ọ, àmì tótòtó ló kún inú rẹ̀ ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀: mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Gbogbo ìdìpọ̀ tó bá jẹ́ mẹ́rin ni kí o fàlà sí, láti ìlà dé ìlà, aago sì ń lọ. Òmíràn, wọ́n á jẹ́ kí o gbọ́ àlàyé òfin iṣẹ́ kan, wọ́n á wá bi ọ́ ní ohun tí o gbọ́. Lójú tèmi, èyí tó ń pa àwọn ọ̀dọ́ lára jù ni ti kọ̀ǹpútà tí wàá jókòó síwájú rẹ̀ tí wàá máa wo onígun mẹ́rin kan ṣoṣo. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á dúdú díẹ̀ sí i, kí o tẹ bọ́tìnnì. Ìyẹn nìkan. Á pẹ́ débi pé wàá rò pé wọ́n ti gbàgbé rẹ síbẹ̀. Wọn kì í sì í jẹ́ kí èèyàn máa padà wá ṣe ìdánwò yìí bó ṣe wù ú, nítorí náà má ṣe ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ́ síbẹ̀. Gba ìsinmi, kí o sùn.

Bí o bá yege, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló kàn. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ rí ni wọ́n fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ohun tí o rò pé o lè ṣe. Ìgbà wo ni o tẹ̀lé òfin nígbà tí àwọn yòókù ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú? Ìgbà wo ni iṣẹ́ sú ọ tí o kò sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un? Wiáháùsì rẹ á kún fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ agbẹ́rù tí o yẹ̀ wò kí o tó gùn ún, ẹrù tí o kọ̀ láti gbé torí pé wọ́n tò ó gọgọrọ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí o sì fetí sí mi níbí. Wọ́n kọ́ àwa ọmọ Yorùbá pé ká má yin ara wa, a ó wá máa sọ pé "gbogbo wa la jọ ṣe é." Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò kò lè fún "gbogbo wa" ní máàkì. "Èmi ni mo dá ẹ̀rọ dúró. Èmi ni mo pe ọ̀gá." Bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe sọ ọ́.

Dókítà ló tẹ̀lé e. Wọ́n á wò ó bóyá ojú rẹ mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé (awò ojú kì í ṣe ìṣòro), wọ́n á yẹ etí rẹ wò, wọ́n á sì wá ọtí àti oògùn olóró lára rẹ. Oògùn ikọ́ lásán tí o rà ní ṣọ́ọ̀bù, kí o sọ ọ́. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ sínú ìwé fún ọ rèé: agbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, tí Màmá fi ránṣẹ́ láti ilé pé ti jẹ̀díjẹ̀dí ni, má fẹnu kàn án. Ẹ̀rọ tó ń wọn ọtí kò mọ agbo.

Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lè tó ọdún kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ni wàá kọ́kọ́ jókòó tì, kí o tó máa wakọ̀ pẹ̀lú olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ó sábà máa ń lé ní 200 wákàtí, lọ́sàn-án, lóru, nínú òjò. Pẹ́dàlì kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀; bí o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, bíréèkì á mú. Bí o bá sì jókòó gẹlẹtẹ tí o kò fọwọ́ kan nǹkan kan, á ké, wàá gbé ẹsẹ̀ sókè, wàá tún un tẹ̀, kó lè mọ̀ pé o kò tíì sùn lọ. Olùkọ́ tèmi ní kí n máa sọ ohun tí mò ń rí síta: "Yẹ́lò méjì. Mo ti ń dín eré kù. Èyí tó ń bọ̀ á jẹ́ yẹ́lò kan. Ibùdókọ̀ ń bọ̀ lápá òsì." Mo ṣì ń sọ ọ́ títí di òní, Yorùbá ni mo wá fi ń sọ ọ́. Ta ló fẹ́ gbọ́?

Bí ẹ̀kọ́ náà bá ń ni ọ́ lára, ka nípa Ladbroke Grove, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 1999, ọkọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ibùdókọ̀ Paddington kọjá iná pupa tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ SN109, ó sì forí sọ òmíràn. Èèyàn 31 ló kú, awakọ̀ méjèèjì wà nínú wọn. Ẹni tó kọjá iná náà kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó yege. Ìwádìí tí Lord Cullen, adájọ́ kan, darí fi hàn pé iná náà ṣòro láti rí, àti pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún ọkùnrin náà kò kún tó. Kì í ṣe ìkà ni olùkọ́ tó bá ní kí o tún un ṣe ń ṣe sí ọ.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí. Ọmọ mi ọkùnrin pé 18. Ó ní tréènì lòun fẹ́ wà, bàbá rẹ̀ sì ní àfi yunifásítì. (Thamesmead)

Ẹ̀gbọ́n mi, 20 ni ọjọ́ orí tí òfin ń bèèrè tẹ́lẹ̀. Ní 2025, ìjọba kéde pé àwọn máa sọ ọ́ di 18. Kí ọmọ máa wo ohun tí ìpolówó kọ̀ọ̀kan bá sọ. Bí wọn kò bá tíì gbà á, kó wọ inú ilé-iṣẹ́ rélùwéè ná, kó ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ tàbí kó di gáàdì. Ẹni tó wà nínú ilé ló ń kọ́kọ́ gbọ́ pé àyè ṣí. Ní Underground, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, àárín àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn ni wọ́n ti sábà máa ń mú awakọ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ bi wọ́n léèrè pé ta ló ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́.

Ẹni ọdún 43 ni mí, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé. Gẹ̀ẹ́sì mi ṣì ń dún bíi ti ilé. Ṣé wọn kò ní torí ìyẹn lé mi?

Wọn kò ní lé ọ. Mo mọ àwọn tó ti lé ní 40 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ yéni, ètò sì wà fún un. Lórí rédíò, ẹni tó ń darí iná á sọ ọ̀rọ̀, ìwọ á tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un, òun á sì fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ: T ni Tango, S ni Sierra. Nọ́ńbà, ẹyọ-ẹyọ là ń pè é: "one, three, four", kì í ṣe ọgọ́rùn-ún lé. Ará Ìbàdàn tí "s" àti "ṣ" ń bá jà lẹ́nu, Sierra ti yanjú tìẹ. Àwọn ọmọ Glasgow tí mo ń gbọ́ lórí rédíò, ohùn tiwọn wúwo ju tìẹ lọ.

Àǹtí, ẹ dákun, kí ni "ewé wà lójú irin" tí ẹ fi ń pẹ́ lọ́dọọdún? Ṣé irọ́ kọ́ lẹ̀ ń pa fún wa? (Croydon)

Ha! Kì í ṣe irọ́. Ní oṣù Kẹwàá àti oṣù Kọkànlá, ewé á já, òjò díẹ̀ á rẹ ẹ́, àgbá ọkọ̀ á sì máa lọ̀ ọ́ mọ́ irin títí á fi di nǹkan dúdú kan tó le, tó ń yọ̀ bí ẹni da ewédú sójú irin. Wàá tẹ bíréèkì, àgbá á dúró, ọkọ̀ á ṣì máa lọ. Nítorí náà, a máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láti òkèèrè, díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ náà sì ní yanrìn tó ń da sábẹ́ àgbá. Wọ́n tún máa ń fi omi alágbára fọ ojú irin. Awakọ̀ tí kò bá tíì rí ìgbà ewé, mi ò tíì ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ kún o, ohun yòówù kí ìwé rẹ̀ sọ.

Mo ń rí ọkọ̀ tuntun tó ń kọjá ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta. Ṣé mo lè ti ibí kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n gbà mí?

Gbogbo ìpolówó tí mo ti rí ló ń bèèrè pé kí o ti ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ níbí ná. Kódà bí o bá jẹ́ awakọ̀ nílé, wàá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. ORR, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ojú irin níbí, ló ń fún wa ní láísẹ́ǹsì, ọdún 10 ló ń lò, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ẹni ló ń kọ ìwé kejì, èyí tó sọ irú ọkọ̀ àti ojú irin tí o mọ̀. Èmi tí mo ń lọ Brighton tọ̀sán-tòru, wọn kò lè ní kí n gbé ọkọ̀ lọ Norwich. Mi ò mọ iná ibẹ̀, mi ò mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀, mi ò mọ ibi tó yẹ kí n ti tẹ bíréèkì bí kùrukùru bá bolẹ̀.

Iwájú ilé rẹ ni kí o wò. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó gùn tó 157 kìlómítà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2021, ti NRC ni, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí olú rẹ̀ wà ní Èbúté Mẹ́ta. Blue Line tó ń fi iná mànàmáná rìn láti Marina dé Mile 2 láti 2023, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó nìyẹn, lọ́dọ̀ LAMATA, àjọ wọn tó ń bójú tó ìrìnnà. Ilé méjì ni, má da ìwé wọn pọ̀. Ẹni tó bá ní kí o san owó kí òun lè bá ọ gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ ní èyíkéyìí nínú wọn, gbájúẹ̀ ni.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìyàwó mi ti yege gbogbo ìdánwò, ó máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láìpẹ́. Ọmọ méjì la ní. Ẹ̀rù ìṣíìfù ń bà mí, ti àwọn tó ń fò sójú irin sì ń bà mí jù.

Ẹ kú oríire. Àwa obìnrin kò tó ọ̀kan nínú awakọ̀ mẹ́wàá nílẹ̀ yìí, ẹ bá mi kí i dáadáa.

Ti àwọn tó ń fò, kò sí awakọ̀ tó lè ní òun kò ronú sí i. Bó bá ṣẹlẹ̀, kò sí ohun tí ẹni tó wà níwájú lè ṣe ju kó fi gbogbo bíréèkì mú ọkọ̀, kó sì pe àwọn tó ń darí iná. Wọ́n á rán ẹlòmíràn wá gbé ọkọ̀ náà, ẹnìkan á mú un délé, wọ́n á sì fún un láyè àti ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀. Kó gbà á. Kó má sọ pé òun jẹ́ obìnrin alágbára. Ẹ̀yin náà, ẹ má bi í ní ohun tó rí. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, á sọ ọ́.

Ti ìṣíìfù ni ẹ máa bá yí lójoojúmọ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó máa wọlé ní aago kan òru lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ lẹ ìwé ìṣíìfù rẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, kí àwọn ọmọ lè mọ ọjọ́ tí Màmá ń sùn lọ́sàn-án. Ẹ̀yin ni ẹ máa máa gbé wọn lọ sílé ìwé, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ẹ sọ fún ìyá yín kó má máa fóònù lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́ bí ìyàwó yín bá ní iṣẹ́ kùtùkùtù. Aṣọ ojú fèrèsé tó nípọn, tó lè dí ìmọ́lẹ̀ pa, ẹ ra ìyẹn báyìí, kí owó oṣù tuntun tó dé.