Ìwé àṣẹ dínámáìtì kò ṣeé yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn

Àǹtí, mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní àbúrò yín rí òkúta tó dáa lórí ilẹ̀ ẹbí yín lẹ́bàá Àkúrẹ́, pé bàbá kan ní kúárì ìtòsí fẹ́ ta páálí dínámáìtì méjì tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn fún un, àti pé ìwé àṣẹ bàbá náà ni wọn yóò fi ṣe é. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n lè tọ́jú ẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn ilé yín. Kò bófin mu, ẹ má sì jẹ́ kó wọ ilé yín rárá. Ẹ kọ́kọ́ pe àbúrò yín ná, kí ẹ tó ka ìyókù.

Iṣẹ́ fífi dínámáìtì fọ́ òkúta ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Èmi ni mo máa ń kó o sínú ihò òkúta, èmi náà ni mo máa ń yìn ín, mo sì ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀.

Òfin tó de nǹkan yìí ni Explosives Act ọdún 1964, pẹ̀lú ìlànà rẹ̀ ti 1967. Àwọn kan á ní baálẹ̀ ti fọwọ́ sí i, àwọn mìíràn á ní káńsù ti gbowó lọ́wọ́ àwọn. Ẹ gba rìsíìtì káńsù yín, kò burú, ṣùgbọ́n kò kan dínámáìtì. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ohun ìjà, ọta ìbọn àti ohun abúgbàmù ló wà ní nọ́mbà 2 lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan láṣẹ lé lórí. Gómìnà gan-an kò lè fún un níwèé ẹ̀. Òkúta náà ńkọ́? Ẹbí ló ni ilẹ̀, àpapọ̀ ló ni ohun tó wà nínú ẹ̀. Mining Cadastre Office l'Ábújà, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń fúnni níwèé ìwakùsà, ni àbúrò yín yóò ti kọ́kọ́ gba ìwé kúárì, kó tó kan ti dínámáìtì lọ́dọ̀ àwọn Mines Inspectorate, ìyẹn àwọn tó ń bẹ ibi ìwakùsà wò fún ìjọba. Ìyẹn náà kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo: ti rírà lọ́tọ̀, ti ibi ìkópamọ́ lọ́tọ̀, ẹni tó máa yìn ín sì gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Ọ̀rọ̀ “ó ṣẹ́ kù” yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ní kúárì gidi, kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá gba ogún, tí mo lo mẹ́rìndínlógún, mẹ́rin gbọ́dọ̀ padà sí sítọ́ọ̀ lọ́jọ́ náà, a ó kọ ọ́ sínú ìwé, a ó sì fọwọ́ sí i. Èyí tí bàbá yẹn fẹ́ tà, ẹnì kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti yìn ín sínú òkúta. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́. Àwọn ayẹ̀wéwò ya wọlé láàárọ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ka ọjà, wọ́n ka ìwé, detonator, ìyẹn ohun kékeré tó ń mú kí dínámáìtì bú gbàù, ló dín. Mọ́tò ọlọ́pàá ló gbé sítọ́ọ̀kípà àti máníjà lọ, wọ́n ti kúárì pa, àwa òṣìṣẹ́ sì lọ jókòó sílé láìgbowó. Ìyàwó sítọ́ọ̀kípà ló ń gbé oúnjẹ lọ sí àgọ́ fún un. Ẹni tó rà á náà kò lọ láìjìyà, wọ́n wá a kàn.

Ẹ má sì rò pé owó ìtanràn lásán ni. Láyé ìsinsìnyí, tí ọlọ́pàá bá bá dínámáìtì nílé ènìyàn, òkúta kọ́ ni yóò kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Òfin ìgbóguntì àwọn agbésùnmọ̀mí ti 2022 wà nílẹ̀, Federal High Court ni ẹjọ́ ohun abúgbàmù sì ń lọ. Kí ẹ tó ṣàlàyé pé kúárì lẹ fẹ́ ṣe, ọjọ́ á ti gorí ọjọ́.

Ti yàrá yẹn. Detonator kò gbọ́dọ̀ sùn sílé kan náà pẹ̀lú dínámáìtì, ilé méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi téèyàn ń gbé. Detonator kò tóbi ju bírò lọ, ó ń dán, wáyà méjì ń yọ nídìí ẹ̀, ọmọdé á rò pé ohun ìṣeré ni. Mo mọ ọkùnrin kan tó jẹ́ pé ìka méjì ló kù lọ́wọ́ òsì ẹ̀. Dínámáìtì tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń làágùn, àágùn yẹn gan-an ló burú jù. Ẹ sì rántí ìbúgbàmù Bódìjà, ní Ìbàdàn, ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé tí wọ́n ń gbé. Ilé àwọn aládùúgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló wó, ẹ̀mí sì lọ sí i.

Tí òkúta náà bá dáa lóòótọ́, ẹ gba ìwé kúárì, kí ẹ wá háyà ilé-iṣẹ́ tó láṣẹ. Wọ́n á gbé tiwọn wá tòun tọlọ́pàá, wọ́n á yìn ín lójú ọ̀sán, wọ́n á sì gbé èyí tó kù lọ. Ó wọ́n, mi ò purọ́. Bí iṣẹ́ náà kò bá pọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu katapílà lè fọ́ ọ láìlo dínámáìtì rárá, ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ àti ti òkúta ṣì pọndandan.

Bó bá sì jẹ́ pé àbúrò yín ti gbé e wọlé kí ẹ tó rí èsì yìí, kó má gbé e padà fúnra rẹ̀, kó má rì í mọ́lẹ̀, kó má jù ú sódò. Kí gbogbo ènìyàn jáde nínú ilé, kí ẹ pe lọ́yà àti ọlọ́pàá, kí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ bọ́ǹbù wá gbé e. Lọ́yà náà ni kó bá a lọ sí àgọ́.