Republic ni Amẹ́ríkà àbí democracy? Èwo ni kí màmá mi sọ lọ́jọ́ ìdánwò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ọmọ ọdún 58 ni màmá mi, ó sì ti pé ọdún 16 tí wọ́n ti gba green card. Oṣù Kejìlá ọdún 2025 la fi fọ́ọ̀mù N-400 wọn, tí wọ́n fi ń béèrè láti di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, ránṣẹ́, a wá ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa pè wọ́n. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ìwé tí wọ́n ń kà ló dá ìjà sílẹ̀ nílé wa. Mo ní kí wọ́n sọ pé republic ni Amẹ́ríkà. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní high school níbí ní Texas ní rárá, democracy ni. Ẹ̀gbọ́n mi wá fi ohùn ránṣẹ́ láti London pé bí màmá bá fi lè pe democracy pẹ́nrẹ́n, wọ́n ti já nìyẹn. Màmá fúnra wọn ní àwọn ò tiẹ̀ mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, pé ká ṣáà sọ èyí tí àwọn máa há sórí. Èwo ni ká fi kọ́ wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín ní London pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, màmá ò ní torí ọ̀rọ̀ yìí já.

Ìdánwò tuntun ni màmá yín máa ṣe, nítorí pé òun ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá fi N-400 sílẹ̀ láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 wá. Ìbéèrè 128 ló wà nínú ìwé rẹ̀, èyí tó sì ṣáájú gbogbo wọn ni pé irú ìjọba wo ló wà ní Amẹ́ríkà. USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìdánwò náà, fúnra wọn to ìdáhùn mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀. Republic ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni federal republic tó dúró lórí Constitution, ìyẹn òfin ìpilẹ̀ orílẹ̀-èdè. Ìkẹta ni representative democracy, ìyẹn ìjọba àwa-arawa tí àwọn aṣojú ń bá wa ṣe. Màmá yín bá sọ ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ti gbà á. Ẹ̀yin jàre. Ọmọ yín náà jàre, bó bá ti rántí fi "representative" síwájú ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Mo lè dákẹ́ síbẹ̀ kí n gba ọpẹ́ mi. Ṣùgbọ́n màmá ti sọ ohun tó ń ṣe wọ́n: wọn ò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ó ti tó ọdún 11 tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà wa ní ẹ̀kọ́ yìí nínú ilé ìkàwé kan ní Houston, mo sì ti rí i pé ohun tí èèyàn há sórí láìyé e, bí àyà bá ti já lásán, ó ti fò lọ. Ẹni tó bá yé, bó tilẹ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀ gan-an, á wá ọ̀nà gbà padà débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò bá ara wọn jà. Ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn ló yàtọ̀ síra. Republic ń sọ ẹni tó ni ìlú: ṣé oyè ìdílé ni ipò olórí, tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ, àbí ti gbogbo ará ìlú ni, tí wọ́n kàn gbé e lé ẹnì kan lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀? Democracy ní tirẹ̀ ń sọ ẹni tó ń fi olórí sípò: ṣé ìbò wa ló gbé e wọlé, ṣé ìbò wa sì lè gbé e jáde?

Ẹ má wulẹ̀ fi Amẹ́ríkà ṣàlàyé fún wọn. Ẹ fi Nàìjíríà tí wọ́n ti wá ṣe é. Nígbà tá a gba òmìnira ní 1960, a ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí a dìbò yàn, Tafawa Balewa sì ni olórí ìjọba. Síbẹ̀ Ọbabìnrin Elizabeth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni olórí orílẹ̀-èdè wa, Nnamdi Azikiwe ló sì ń dúró fún un ní Èkó láti oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Democracy ti dé, republic ò tíì dé. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1963 ni Nàìjíríà tó di republic, tí Azikiwe sì bọ́ sípò Ààrẹ. Ẹ wá fò dé ayé àwọn ológun. Láyé Babangida, láyé Abacha, Federal Republic of Nigeria ṣì ni orúkọ wa. Kò sí ọba tó ń jẹ lórí Nàìjíríà, kò sí ẹni tó jogún Aso Rock lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Republic ń bẹ, democracy ló di àwátì. Nǹkan bí ọmọ ọdún 25 ni màmá yín nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò June 12, 1993. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí lọ́dún yẹn. Bí wọ́n bá sọ ọ́ tán, wọ́n ti kọ́ ara wọn ní ìdajì iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀gbọ́n yín gan-an tó ń pariwo, abẹ́ Ọba Charles Kẹta ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ń dìbò níbẹ̀, ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀, ọba ò kúrò lórí ìtẹ́. Democracy ni, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní republic.

Níbo wá ni ariwo "republic ni, democracy kọ́" ti wá? James Madison, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe Constitution Amẹ́ríkà, ni wọ́n sábà máa ń nawọ́ sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1787, nígbà tí wọ́n ń bẹ àwọn ará New York pé kí wọ́n fọwọ́ sí Constitution tuntun, Madison kọ àpilẹ̀kọ kan, èyí tó jẹ́ ìkẹwàá nínú ọ̀wọ́ àpilẹ̀kọ tí wọ́n ń pè ní Federalist. Ohun tó ń pè ní democracy nínú rẹ̀ ni kí ìwọ̀nba ọmọ ìlú péjọ sójú kan, kí wọ́n fúnra wọn máa ṣòfin, kí wọ́n fúnra wọn máa ṣèjọba. Ẹ̀rù irú ìyẹn ń bà á. Ó ní bí àwọn tó pọ̀ bá ti fohùn ṣọ̀kan níbẹ̀, kò sí ohun tó máa dá wọn lẹ́kun kí wọ́n má rẹ́ àwọn tó kéré jẹ. Republic tí ó fẹ́ ni èyí tí ará ìlú ti máa yan aṣojú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti yí ìtumọ̀ padà láti ìgbà yẹn. Bí ọmọ yín bá sọ pé democracy lónìí, kò sí lọ́kàn rẹ̀ pé gbogbo ará Texas á kóra jọ sórí pápá ní Austin láti ṣòfin. Aṣojú náà ló ní lọ́kàn. Ìtumọ̀ ti 1787 ni ẹnì kan ń lò, ìtumọ̀ tòde òní ni ẹnì kejì ń lò, wọ́n wá ń bú ara wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Lójú tèmi, iṣẹ́ olóṣèlú nìyẹn.

(Èyí tí Madison ń bẹ̀rù ò sì tíì kú tán o. Ní Vermont, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta lọ́dọọdún, àwọn ará ìlú kéékèèké ṣì máa ń péjọ sínú gbọ̀ngàn láti fẹnu ara wọn pinnu iye tí ìlú máa ná.)

Ní ti ọmọ yín, ẹ ní kó ka ohun tí wọ́n máa ń kà sí àsíá nílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀. Á débi "and to the Republic for which it stands", á sì rí i pé òun náà ti ń pe republic láti kékeré láìfura. Kó tó bínú, ẹ sọ ìtàn kan fún un. Ní West Virginia, wọ́n lé àwọn ọmọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kúrò nílé ẹ̀kọ́ nítorí pé wọn ò kí àsíá. Ọ̀rọ̀ náà dé Supreme Court, ní 1943 ilé ẹjọ́ sì ní kò sí ìjọba tó lágbára láti fipá mú ọmọ kankan kí i. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà o, bí wọ́n bá sì gbé e sí ìbò, ó dá mi lójú pé àwọn ọmọ yẹn ò ní rí ẹni gbè wọ́n. Wọn ò gbé e sí ìbò. Constitution ti yọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò lórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó ka ìbò. Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn nínú ìdáhùn kejì, níbi tí wọ́n ti ní republic náà dúró lórí Constitution. Kíláàsì mi máa ń pa rọ́rọ́ bí mo bá dé ibí yìí, torí ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ní ìbátan kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń dá àwọn àgbà láàmú. Ìyá kan nínú kíláàsì mi ò fẹ́ pe republic rárá, wọ́n ní àwọn ò sí nínú ẹgbẹ́ Trump. Mo rẹ́rìn-ín títí. Republican àti Democrat, orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú lásán ni méjèèjì, bí ìgbà tí a pe ẹgbẹ́ kan ní Alábùradà. Ẹni tó sọ pé republic ni Amẹ́ríkà ò bá ẹnikẹ́ni ṣẹgbẹ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ ò mẹ́nu kan èdè. Ẹni tó bá ti pé ọdún 55, tó sì ti ní green card fún ọdún 15, nígbà tó fi N-400 sílẹ̀, wọ́n yọ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Màmá yín ti kọjá ibẹ̀. Wọ́n lè fi Yorùbá ṣe gbogbo rẹ̀, kí ògbufọ̀ máa túmọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ti lè di wàhálà.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ìjọba. Ìjẹ ọba ni. Ọba ti jókòó sínú ọ̀rọ̀ wa kí a tó bẹ̀rẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi rọrùn láti fi Yorùbá pe ìlú tí kò lọ́ba. Àwọn ìwé wa máa ń pe republic ní orílẹ̀-èdè olómìnira. Ó dáa lórí ìwé. Lọ́jọ́ kan tí a ń ṣe ìdánrawò, mo ṣe ọ̀gá USCIS, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ṣe ògbufọ̀, bàbá ẹni ọdún 61 kan jókòó síwájú mi. Mo béèrè irú ìjọba tó wà ní Amẹ́ríkà. Bàbá na ẹ̀yìn wọn ṣánṣán, wọ́n ní, "Olómìnira ni." Ògbufọ̀ kọjú sí mi: "It is an independent country." Mo ní láti kọ òdo. Òótọ́ ni bàbá sọ, òótọ́ ni ọmọ náà túmọ̀, ìdáhùn sì sọnù sáàárín àwọn méjèèjì.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń kọ́ wọn ni kí wọ́n pe "republic" bó ṣe wà, kí wọ́n má Yorùbá rẹ̀ rárá, bí a ṣe ń pe bọ́ọ̀sì tí a ń pe fóònù. Ògbufọ̀ á tún un pe bẹ́ẹ̀, ó parí. Bí màmá bá fẹ́ Yorùbá dandan, kí wọ́n ní "ìjọba àwa-arawa tí àwọn aṣojú ń ṣe", kí wọ́n má sì gé ìrù rẹ̀, torí inú ìrù yẹn ni "representative" wà. Bí wọ́n bá ti sọ ọ̀kan, kí wọ́n panu mọ́. Àwọn àgbà wa fẹ́ràn àlàyé. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣàlàyé ni wọ́n ti máa fi ẹnu ara wọn ba ìdáhùn tó dára jẹ́.

Ní ti ìdánwò fúnra rẹ̀: ọ̀gá náà lè béèrè tó 20, màmá yín gbọ́dọ̀ gba 12. Bí wọ́n bá ti gba 12, ó máa dúró síbẹ̀; bí wọ́n bá sì ṣì 9, ó parí fún ọjọ́ yẹn. Wọ́n á tún pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọjọ́ 60 sí 90. Àwọn ìbéèrè kan ń béèrè orúkọ àwọn tó wà nípò, ìyẹn sì máa ń yí padà lẹ́yìn ìbò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì USCIS lọ́sẹ̀ tí wọ́n máa lọ.

Láti ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa ṣe ọ̀gá nílé, kó máa fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè, kí ẹ̀yin máa túmọ̀. Bí màmá bá ti mọ ìdáhùn sórí, kó bi wọ́n ní èyí tí kò sí nínú ìwé: kí ló dé tí ọmọ Ọba Charles ò fi lè jogún Amẹ́ríkà? Ẹ wo ohun tí wọ́n máa sọ. Àmọ́ lọ́jọ́ ìdánwò gan-an, ẹ má fi ara yín ṣe ògbufọ̀ bí ẹ bá lè rí ẹlòmíràn. Ọ̀gá lè kọ ọmọ ẹni, pé ó lè fẹ́ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì dénú, tó ní káàdì ìdánimọ̀ ìjọba lọ́wọ́, kí ẹ sì ti sọ ọ̀rọ̀ "republic" yẹn fún un nílé kí ẹ tó gbéra.