Ẹ yọ Ìdànrè kúrò níbẹ̀, ọjọ́ méjì ò gbà á

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò o. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbéra ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ Sátidé, ẹ̀yin, ìyàwó, àwọn ọmọ àti Màmá nínú Corolla, kẹ́ ẹ rí omi Olúmirìn tó ń já bọ́ látorí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kẹ́ ẹ dé Ìkógòsì, kẹ́ ẹ tún gun òkè Ìdànrè, kẹ́ ẹ sì ti padà sílé lálẹ́ Sunday. Gbogbo ibẹ̀ ni mo ti wa mọ́tò dé, ibi tó dáa lẹ yàn, àmọ́ Ìdànrè yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ nìkan lé ní 600, Màmá ò lè gùn ún, ẹ ò sì ní fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ nísàlẹ̀ láwọn nìkan, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá dé Ìdànrè tí ò gun dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè yẹn, kí ló wá rí?

Ẹ gba Òṣogbo já sí Iléṣà, ìyẹn ò le, Òṣogbo sí Iléṣà ò ju nǹkan bíi 30 kìlómítà. Àtibẹ̀ ni nǹkan ti máa yí padà. Fóònù á máa sọ fún yín pé ó ku ìṣẹ́jú báyìí báyìí, ẹ má tẹ̀ lé e, tórí fóònù ò mọ̀ pé lọ́rì tó ru pákó ń rá pálá lọ níwájú yín lórí òkè tí kò sáyè láti yà á sílẹ̀, kò mọ̀ pé kọ́nà ti jẹ́ káwọn ọmọ máa bì lẹ́yìn. Oòrùn ni kẹ́ ẹ máa fi ṣírò, ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ẹ ti débẹ̀ kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé náà wà níbẹ̀, a ò lè fọwọ́ rọ́ ọ tì, nítorí náà tẹ́ ẹ bá dé Iléṣà ẹ yà sí gáréèjì, ẹ kí àwọn dírẹ́bà tó ń ná Adó-Èkìtì, ẹ bi wọ́n bí ọ̀nà ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má gba ibì kan, ẹ má gbà á, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀.

Bíréèkì gan-an ló jẹ́ kí n jókòó tẹ gbogbo èyí. Gígun òkè ò le tó sísọ̀kalẹ̀. Àdúgbò Ẹ̀fọ̀n-Aláayè yẹn, tó wà lọ́nà Ìkógòsì, ẹni tí ò mọ̀ á gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì látòkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ẹ́ gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jóná, kò ní pẹ́ sí i pẹ́dà á rì lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹ̀kọ tí ò tíì dì. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi, ìyàwó àtàwọn ọmọ wà nínú mọ́tò. Mẹkáníìkì tí mo sanwó fún pé kó pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì, kò pààrọ̀ ẹ̀, ó kàn da tuntun lé ti àtijọ́ ni. Ọ́ìlì tó ti pẹ́ máa ń fa omi mọ́ra, tó bá wá gbóná gan-an ńṣe ló máa hó, tó bá sì ti hó, atẹ́gùn lasán lẹ ń tẹ̀. Ọlá Ọlọ́run ni, àti jíà kékeré tí mo ti já mọ́tò sí tẹ́lẹ̀, òun ni mo fi rọra wá a dé ibi tó tẹ́jú. Ẹ dúró ti mẹkáníìkì yín títí tó fi máa tú ti àtijọ́ dànù, ẹ fojú yín rí i. Corolla yín bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ kúrò ní D, ẹ fà á sí 2 tàbí L kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá ti ń sáré tán, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ máa fà á sẹ́yìn, kẹ́ ẹ kàn máa tẹ bíréèkì kẹ́ ẹ tú u, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tú u. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gòkè, tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ máa gbóná, ẹ pa AC, ẹ ṣí fèrèsé, tí kò bá rọlẹ̀ ẹ páàkì, ẹ má sì ṣí radiétọ̀ tó gbóná o. Kọ́nà tẹ́ ẹ ò bá ti rí iwájú, ẹ fọn hóònù.

Ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ náà, tèmi ni pé ìparí October sí November ló dáa jù, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ àmọ́ omi Olúmirìn ṣì ń ya dáadáa, ojú ọ̀run sì mọ́. Tó bá ti dìgbà ọyẹ́, kùrukùru á bo gbogbo òkè, ẹ ò ní rí nǹkankan. Ìpele méje lomi yẹn ní, ìpele ìsàlẹ̀ ti tó fún Màmá àtàwọn ọmọ, àpáta òkè ń yọ̀.

Ẹ lọ sùn sí Ìkógòsì. Màmá á gbádùn ibẹ̀ ju gbogbo yín lọ, omi gbígbóná àti omi tútù tó pàdé tí wọ́n jọ ń ṣàn lọ, àwọn àgbàlagbà fẹ́ràn kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ mú owó kéèṣì dání, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má gbé POS.

Tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ fẹ́ gun òkè ṣáá, Adó-Àwáyè wà nítòsí wa, ẹ gba Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn ní Sátidé mìíràn, adágún Ìyákẹ́ wà lórí òkè níbẹ̀, ìrìn ọjọ́ kan ni. Ti Sunday yìí, ẹ kúrò ní Ìkógòsì kó tó di aago méjìlá ọ̀sán, ẹ jẹun ní Iléṣà, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín láàárín Òṣogbo sí Ògbómọ̀ṣọ́.