Ṣé iná ń jó ìyá mi ní pọ́gátórì ni?

ÌBÉÈRÈ: Fadá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ọdún yìí ni ìyá mi kú níbí ní Àkúrẹ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlù wọ́n, fadá kò sì tètè dé láti fi òróró mímọ́ pa wọ́n lára. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká wá owó Mísà 30 kí wọ́n lè tètè kúrò ní pọ́gátórì. Àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ pásítọ̀ ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé Ọlọ́run tó bá ti dárí jini, tó tún ń fi iná jóni, ìkà ni. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Ìyá mi ò burú, àfi pé àwọn àti ìyá elélùbọ́ kan ní Ọjà Ọba kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án nítorí owó èésú. Ṣé kí n lọ yá owó náà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, arábìnrin wa. Ẹ má yá owó. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn yín lè balẹ̀ gbọ́ ìyókù.

Ẹni tó kú nínú ìfẹ́ Ọlọ́run, tí ọkàn rẹ̀ kò sì tíì mọ́ tán, ló ń gba pọ́gátórì, ìyẹn ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́yìn ikú, kọjá. Kò sí ẹni tó dé ibẹ̀ tí kò ní dé ọ̀run. Ẹjọ́ ti parí, ó ti jàre. Àwọn ìgbìmọ̀ Ìjọ ní Lyon ní 1274, ní Florence ní 1439 àti ní Trent ní 1563 kọ́ wa pé ìwẹ̀nùmọ́ yìí wà, àti pé àdúrà wa ń ran àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́. Wọn kò sọ iye ọjọ́ tí èèyàn ń lò níbẹ̀. Iná tó ń jó lala nínú àwòrán àtijọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi lélẹ̀ fún wa láti gbàgbọ́. Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún kọ ọ́ ní 2007 pé àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kan gbà pé Kristi fúnra rẹ̀ ni iná náà, àti pé a kò lè fi aago ayé wọn àkókò ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín yẹ̀ wò, torí ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹ ro àgbẹ̀ kan ní ọ̀nà Ìdànrè tó hú pèrègún ààlà lóru, tó sún un wọ inú oko àbúrò rẹ̀, tó fi gba poro kòkó mẹ́wàá. Lẹ́yìn ogún ọdún, ó jẹ́wọ́, ó sunkún, Ọlọ́run sì dárí jì í. Kí ó tó dá ilẹ̀ náà padà, ó kú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí poro mẹ́wàá yẹn. Bí Ọlọ́run bá sọ fún wọn pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣé kì í ṣe àwọn ló ṣe ìkà sí? Ojú tí bàbá náà sì ti fi ń wo oko ẹlòmíì fún ogún ọdún, ṣé ikú nìkan ti tún un ṣe? Bó bá wọ ọ̀run bó ṣe wà, àga àbúrò rẹ̀ ni yóò máa wò.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Oǹdó, ọmọ kan ládùúgbò wa já bọ́ lórí igi obì, apá rẹ̀ kán. Aṣọ lásán ni wọ́n fi dì í nílé. Ó jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Ọwọ́ náà kò dé ẹnu. Bàbá kan tó máa ń to eegun fi òrí ra á títí, ó gbé apá náà lé orúnkún rẹ̀, ó sì tún un ṣẹ́. Igbe ọmọ yẹn ṣì wà létí mi. Ìyá rẹ̀ di orí rẹ̀ mú mọ́ àyà, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì ní kí bàbá náà dáwọ́ dúró. Kí ọdún tó yí po, ọwọ́ yẹn lọmọ náà fi ń jẹ ẹ̀bà. Irú ìrora yẹn ni mo gbà pé ó wà ní pọ́gátórì. Catherine Mímọ́ ará Genoa, tó kú ní 1510, kọ́ni pé yàtọ̀ sí ayọ̀ ọ̀run, kò sí ayọ̀ tó tó ti àwọn tó wà níbẹ̀.

Ìkà wà nínú ìtàn yìí o, n kò ní bò ó. Owó ló gbé e wọlé. Àwọn èèyàn wa ta ìwé ìdáríjì, tí wọ́n ní ó ń yọ ọkàn òkú kúrò ní pọ́gátórì, fún àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ bíi tiyín, ìyẹn ló sì mú Martin Luther, fadá ará Jámánì kan, gbóhùn sókè ní 1517. Kò jẹ̀bi lórí ìyẹn. Ìgbìmọ̀ Trent fúnra rẹ̀ pàṣẹ fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n mú ohunkóhun tó bá ń gbóòórùn èrè àìmọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ pọ́gátórì.

Ní ti Mísà 30, ọ̀dọ̀ Póòpù Gregory Ńlá ni àṣà náà ti wá. Ó sọ ìtàn ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan tó fi owó wúrà mẹ́ta pamọ́ kí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa mọ̀, tí àṣírí rẹ̀ sì tú nígbà tó ń ṣàìsàn tó pa á. Gregory ní kí wọ́n rú ẹbọ Mísà fún un lójoojúmọ́ fún 30 ọjọ́. Kò ní kí ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀. Òfin Ìjọ tí à ń lò lónìí gba fadá níyànjú, ní abala 945, pé kí ó máa rú Mísà fún èrò ọkàn àwọn aláìní bí wọn kò tilẹ̀ mú nǹkan kan wá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé láìsí owó ìyá yín kò ní jáde, ó purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ẹ kọ orúkọ wọn sórí bébà, ẹ fún fadá ìjọ yín. Ẹ sì tún dárúkọ wọn ní 2 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tí à ń rántí gbogbo òkú.

Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù nínú ìwé yín ni ìyá elélùbọ́ yẹn. Ẹ wá ìwé èésú ìyá yín, ẹ wo ẹni tó jẹ owó. Bó bá jẹ́ pé ìyá yín ló jẹ ẹ́, owó tí ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ kí ẹ wá yẹn, ìyá náà ni kí ẹ kó o fún, díẹ̀díẹ̀ bí agbára yín bá ṣe mọ. Bó bá sì jẹ́ pé òun ló jẹ ìyá yín, ẹ ṣáà lọ kí i. Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtù kí ọjà tó kún, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé ìyá yín ló rán yín.