Ṣé àáké ni edùn àrá lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi hú òkúta dúdú kan tó ń dán nígbà tí wọ́n ń kọ ebè lóko wa n'Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ní edùn àrá ni, Ṣàngó ló jù ú. Tíṣà àbúrò mi ní àáké ayé àtijọ́ ni. Èwo ni ká gbà?

ÌDÁHÙN: Tíṣà ò parọ́ o, àmọ́ kí Bàbá má jù ú nù. Èèyàn ló lọ̀ ọ́ títí tẹ́nu ẹ̀ fi mú, kí irin tó dé, wọ́n á wá dè é mọ́ igi. Wọ́n rí irú ẹ̀ ní Ihò Eléérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsàrun, ní Oǹdó níbí, tí Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn òyìnbó kan, gbẹ́ ní 1965. Àwọn kan lára àáké òkúta tó pẹ́ jù láyé ò tiẹ̀ ní igi, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń dì wọ́n mú, wọ́n rí wọn ní Kenya, ó ti tó 1,760,000 ọdún, ẹ ò rí nǹkan! Ní Yúróòpù, bàbà ló tẹ̀ lé òkúta: òkú ọkùnrin tí wọ́n rí nínú yìnyín láàrin Ítálì àti Austria ní 1991, àáké bàbà ẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú igi ẹ̀, ó sì ju 5,000 ọdún lọ. Tiwa ń'bí, òkúta la ti bọ́ sí irin. Alágbẹ̀dẹ wa máa ń ki ìdí irin bọ inú igi ni, ti òyìnbó tó wà lọ́jà báyìí, igi ni wọ́n ń kì bọ ojú irin.

Kí wọ́n má fi fáìlì pọ́n òkúta yẹn o, ẹ jọ̀ọ́.